Ta Ni Yóò Wọ Abẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi?

Èèyàn mẹ́rin ló ṣẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Mo kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ kan, mo sì kọ ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹ̀ ẹ́ àti ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ìwé ẹ̀sùn ni mò ń kà, èsì ẹ̀sùn ni mò ń kọ, mo sì mọ̀ pé ẹ̀sùn tí kò bá ní ọjọ́ lórí, ariwo ọjà lásán ni. Ṣùgbọ́n èyí dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá ti dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ẹni tí mo fẹ́ dá lẹ́bi lókè á ti di ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ Ṣọ́jà ni gbogbo Bọ́lọ́rundúró ń pè é. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn ológun lu àwọn ọkọ̀ wọn tó ti gbó ní gbàǹjo, bàbá mi sì ra ọ̀kan. Kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà, imú rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí ìgbà tí ẹnìkan gbá a lójú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà: tiwájú ń wọ́, tẹ̀yìn ń tì. Ní àsìkò òjò, tí ọ̀nà oko bá ti di ẹ̀kọ gbígbóná, tí ọkọ̀ agbégilódò bá rì dé ìdajì táyà, Ọkọ̀ Ṣọ́jà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tòun ti àpò kòkó lẹ́yìn rẹ̀, bàbá mi á sì na ọwọ́ sí wọn láti ojú fèrèsé bí ọba tó ń kí ará ìlú. Orí àpò kòkó ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kòkó gbígbẹ, ìwé ẹ̀rí mi ni mo máa ń rántí.

Ó ti tó ogún ọdún tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú rẹ̀ ti là sí méjì. Bàbá ní kí wọ́n fi ṣéènì fà á jáde láti òkè, ó tà á, ó ní òun máa wá òmíràn. Kò rí òmíràn. Ọkọ̀ wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé oko, abẹ́ igi ọsàn, pẹ̀lú ihò ńlá níwájú rẹ̀ níbi tí ọkàn yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ bàbá mi wúwo, mo sì gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀bà-Ilé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú sí i.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá ń lọ sópin, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Èkó.

“Àbúrò, àwọn onírin àlòkù ti dé Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n fẹ́ fi iná gé ọkọ̀ Bàbá, kí wọ́n kó o lọ.”

“Ta ló pè wọ́n?”

“Èmi ni. Ejò ló kù tí ń gbé inú ẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n dúró di òjò àkọ́rọ̀. Tí ọkọ̀ yẹn bá lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn kí òjò tó rọ̀, ẹ máa mú un lọ. Bí kò bá lè rìn, kí wọ́n gé e.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni kìíní. Ẹ̀ṣẹ̀: ó ṣe ìdájọ́ lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì bi ẹni tó ni ín.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí fóònù mi máa ń pariwo. Kò bínú. Ó kàn ní, “Mo fẹ́ jókòó síwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbé mi wọ Oǹdó. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sè é jẹ pàápàá. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ pé inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti máa pa á bí ẹran.” Ó wá yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí ìkùukùu bá ti ṣú díẹ̀, á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé ojú sókè bí ẹni pé ó ń rí i.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ́ńjìnnì kan, kí òjò tó dé.

Mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Oǹdó, ọkùnrin tó ti tó ọgọ́ta ọdún, tí ó ti ń tún ọkọ̀ agbégilódò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó mọ bàbá mi dáadáa. A jọ lọ sí oko. Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gun orí táyà, ó wo inú ihò náà láti òkè, ó já imọ̀ ọ̀pẹ kan, ó gbá ewé ẹ̀ dànù, ó fi wọn gígùn ihò náà, ó fi ọ̀bẹ ṣá àmì sí ara ọ̀pá náà níbi mẹ́ta.

“Màdáámù, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi sí i. Bẹntiróòlù máa jẹ yín ní ìjẹkújẹ.”

“Ìyẹn ti yé mi, Ọ̀gá. Irú èwo?”

“Ilé ìlagi kan wà lọ́nà ibí tó ti kógbá wọlé. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ayùn wọn wà nílẹ̀. Onípísítìnnì mẹ́rin ni. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kò lè kú.”

Ẹ́ńjìnnì ìlagi! Kí èmi, tí mo kàwé, gbé ẹ́ńjìnnì tó ń la igi sínú ọkọ̀ bàbá mi! Mo délé, mo ṣí fóònù. Mo kà nípa họ́ọ̀sìpáwà, mo kà nípa bí dísẹ́ẹ̀lì kò ṣe ń sáré yí bíi bẹntiróòlù, pé ọkọ̀ tí bẹntiróòlù ń gbé sáré lè máa wọ́ bí ìgbín tí a bá fi dísẹ́ẹ̀lì sí i láìpààrọ̀ gíà. Mo fa ilà, mo pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́fà. Bí mo ṣe ń kà sí i ni kò ń yé mi sí i. Ẹnìkan ní èyí tó wúwo ló dáa, nítorí pé ọkọ̀ ológun nílò agbára láti ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn ní èyí tó wúwo máa tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn ò sì ní lè yí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹnìkan tó ń gbé ìlú òtútù kan ní kí n má dán an wò rárá, pé kí n fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé ihò ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni mo gba àdúgbò Ìsíkàn lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó fi jẹ́ pé “ulé” ló máa ń sọ dípò “ilé” bíi ti ọmọ Àkúrẹ́. Alhájì ni gbogbo wa ń pè é. Ó mú mi lọ síwájú ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́fà kan tó wà lórí táyà àlòkù. Ó so bátìrì mọ́ ọn, ó da dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sínú ike, ó fi wáyà méjì kan ara wọn. Ẹ́ńjìnnì náà bú ramúramù! Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ti mọ̀ pé tèmi ni.

Alhájì pa á. “Màmá, ẹ dúró ná. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà iwájú rẹ̀ náà ń fà lẹ ní?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ibo ni ọ̀pá táyà iwájú, èyí tó so méjèèjì pọ̀, gbà kọjá? Ẹ́ńjìnnì ní ikùn o. Ẹ wo abọ́ ọ́ọ̀lì yìí nísàlẹ̀. Ti èyí, iwájú ni ikùn rẹ̀ wà. Ti òmíràn, ẹ̀yìn ni. Tí ọ̀pá yẹn bá gba iwájú kọjá, ikùn yìí máa jókòó lé e lórí.”

Mo fi àwọn fọ́tò tí mo yà hàn án lórí fóònù mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra mi, mo ya abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó wò ó, ó fi ìka méjì fà á kó tóbi, ó tún wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó dá fóònù padà fún mi.

“Ẹ bi mẹkáníìkì yín,” ló sọ. “Ẹni tó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ ló máa mọ̀.”

Mo pe Ọ̀gá ní Oǹdó níbẹ̀ gan-an, mo gbé e sí gbangba kí Alhájì lè gbọ́. “Ọ̀gá, ṣé ààyè wà lábẹ́? Ìwọ̀n mélòó ló wà láàrin ọ̀pá táyà iwájú àti ibi tí ẹ́ńjìnnì máa jókòó sí?”

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń lu irin lẹ́yìn rẹ̀.

“Ó máa gbà á, Màdáámù.”

“Mo ní ìwọ̀n mélòó?”

“Ó máa gbà á. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìdààmú.”

Mo kọ ọ́: ẹni kejì. Ẹ̀ṣẹ̀: mo bi í ní ìbéèrè tó ní nọ́ńbà, ó fi àdúrà dá mi lóhùn.

Nítorí pé n kò gbà á gbọ́ tán, mo mú mẹkáníìkì mìíràn láti àdúgbò wa ní Ọ̀bà-Ilé lọ sí oko. Ọkùnrin tó já fáfá, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, téèpù ìwọ̀n wà ní ìbàdí rẹ̀. Mo ní, “Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wọn ibẹ̀ fún mi.” Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló wọlé. Mo kà á, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó fà sẹ́yìn, ó gbọn eruku nù, ó ká páálí rẹ̀.

“Kí ni nọ́ńbà ẹ̀?”

“Ó máa gbà á, mà.”

“Ẹ ò wọn nǹkan kan!”

“Mo ti fi ojú wọ̀n ọ́n, mà. Ẹ má ṣèyọnu.” Ó sì ní kí n bá òun wá ọ̀kadà, pé òun rántí pé ìyàwó òun ń dúró de òun. A kò tí ì pẹ́ ní oko tó ìdajì wákàtí!

Ẹni kẹta. Ẹ̀ṣẹ̀: ó kó téèpù wá oko gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú. Mẹkáníìkì méjì tí kò mọ ara wọn rí, ọ̀kan ní Oǹdó, ọ̀kan ní Ọ̀bà-Ilé, tí àwọn méjèèjì ń sọ gbólóhùn kan náà. Mo rántí pé nígbà tí Ọ̀gá bá mi pààrọ̀ àwọn táyà ọkọ̀ náà tó ti gbó, ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí, ó ń na ọwọ́ wọlé bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo rò pé wọ́n rí i pé obìnrin ni mí. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti bá wọn sọ̀rọ̀ láti Èkó kí iṣẹ́ má bàa yọrí. Mo rò ó débi pé mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo sì fa ilà sí abẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkùukùu ń ṣú. Bàbá ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ra ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́fà.

Wọ́n gbé e dé Bọ́lọ́rundúró ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gá ti ri igi ńlá mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó da orí wọn pọ̀ lókè ihò náà, ó so ṣéènì mọ́ ọn. Alhájì fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ẹrù rẹ̀ wá, ó ní òun ò tíì rí ọkọ̀ báyìí sójú rí. Wọ́n fa ẹ́ńjìnnì sókè, ó ń fì lórí afẹ́fẹ́, Ọ̀gá ń pàṣẹ: “Sọ̀ ọ́! Díẹ̀díẹ̀! Sọ̀ ọ́!” Ó wọlé. Gígùn rẹ̀ bá àmì ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ náà mu rẹ́gí. Inú mi dùn. Mo ti mú fóònù láti pe Bàbá.

Nígbà náà ni ó dún: kọ́!

Irin bá irin. Ṣéènì dẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò lọ sílẹ̀ mọ́. Ó ku bí ìka mẹ́rin kó jókòó síbi tó yẹ. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n tún sọ̀ ọ́. Kọ́! Wọ́n tì í sẹ́yìn, gíà ò jẹ́ kó lọ. Ikùn ẹ́ńjìnnì ti jókòó lé orí ọ̀pá táyà iwájú, gẹ́lẹ́ bí Alhájì ṣe wí.

N kò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Mo mọ̀ pé mo pariwo. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ Ọ̀gá fún un láti inú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó fi àdúrà dá mi lóhùn. Ó dojú bolẹ̀. Mo yíjú sí Alhájì, mo ní ṣebí òun náà rí fọ́tò. Alhájì ní, “Màmá, mo bi yín. Ẹ jẹ́rìí sí i pé mo bi yín.” Ọ̀gá bá dá sí i: “Ẹ bi wọ́n, ẹ wá tà á fún wọn!” Alhájì ní, “Ṣé èmi ni mẹkáníìkì ni?” Ọ̀gá ní, “Ṣé èmi ni mo ní ẹ́ńjìnnì oníkùn?”

“Ẹ dákẹ́!” ni mo wí. “Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ta ló ti wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí rí?”

Ẹyẹ ń ké lórí igi ọsàn. Alhájì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá fi àkísà nu ọwọ́ tí kò ní gíríìsì, ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ tẹ̀ba, kí ẹ wo ibí yìí.”

Mo tẹ̀ba. Lórí ọ̀pá táyà iwájú náà, níbi tó yọ koko láàrin, nǹkan kan wà tí a fi wáyà dè mọ́ ọn: àtẹ́lẹ̀ bàtà àlòkù kan, ìkaraun ìgbín, àti àkísà tí ó ti pupa rí.

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú fọ́tò tí mo fúnra mi yà! Mo rò pé pàǹtí ni. Lábẹ́ ọkọ̀ tó ti wà nínú igbó fún ogún ọdún, kí ni mo tún fẹ́ rí?

“Ààlè ni,” Ọ̀gá sọ.

Oko yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo ti rí ààlè, àmì tí wọ́n fi ń lé olè, lórí ìdì igi ìdáná, lórí òdù ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbé sẹ́bàá ọ̀nà tí olówó rẹ̀ ò sí nítòsí. Kò sí ọmọdé kan nínú wa tó jẹ́ fọwọ́ kan irú rẹ̀. Mo wá lọ sí yunifásítì, mo dé, mo wò ó lójú kòrókòró, mo pè é ní pàǹtí.

“Ẹ̀yin náà rí i, Alhájì?”

“Nínú fọ́tò. Mo rò pé ẹ̀yin náà rí i, Màmá. Mo ní, bóyá báyìí ni wọ́n ń ṣe nínú ulé wọn.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó kàwé bíi tiyín, tó ń fi bírò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ máa ní kí n kúrò níbẹ̀, ẹ máa pe ẹlòmíràn.”

“Mo kúkú pe ẹlòmíràn.”

“Òun náà sì sá.”

Mo ní ó dáa, ọmọ onílé ni mí, èmi máa já a. Mo ká ìró mi sókè, mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá àti Alhájì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ara wọn tán, pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: “Ẹ má fọwọ́ kàn án!”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fi í lé e ni?” Ọ̀gá bi mí. “Ẹni tó fi ààlè lélẹ̀ ló ń mú un.”

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé n kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ọwọ́ mi ti nà. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà kò jìnnà sí ìka mi. Mo wò ó, ó wò mí. Mo wá sọ pé eékún ń dùn mí, mo dìde. N kò tí ì kọ ìyẹn sínú ìwé.

Nígbà tí mo dé Ọ̀bà-Ilé, mo bi Bàbá bóyá òun ló fi ààlè sí abẹ́ ọkọ̀.

“Ààlè kẹ̀? Ààlè wo?”

“Ó ní àtẹ́lẹ̀ bàtà, Bàbá.”

“Bàtà apá òsì ni àbí apá ọ̀tún?”

“N kò mọ̀!”

“Tó bá jẹ́ apá òsì, tèmi ni.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Háà, mo ti gbàgbé pátápátá! Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kúrò ni. Wọ́n jí bátìrì. Mo dákẹ́. Wọ́n jí iná iwájú méjèèjì. Mo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé rádíétọ̀, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.”

“Ta ni olè náà?”

“Olè ilé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sábẹ́, níbi tí ará ìta ò ti ní tètè rí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bi mí pé ta ni mò ń lé.”

“Ta ni, Bàbá?”

“Ìwọ ọmọ yìí, o máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè jù.”

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣírò. Ọmọ méjì péré ni Bàbá bí. Ní ọdún náà, Àkúrẹ́ ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, n kì í dé oko ju ọdún Kérésì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń gbé oko pẹ̀lú Bàbá fún bí ọdún kan, kí ó tó padà sí Èkó. Àwọn onírin àlòkù tó pè, ṣé nítorí ejò lóòótọ́ ni, àbí ó rántí ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ tó ń wò ó? N kò mọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé Bàbá lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Kò lè dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n gbé àpótí fún un lẹ́bàá táyà iwájú, ó jókòó, ó ní kí wọ́n mú ọ̀pá gọ̀ngọ̀ tí wọ́n fi ń já kòkó wá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ó ti gọ̀ngọ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀, ó wá a kiri, ó kọ́ wáyà náà, ó fà á bí ẹni tó ń já kòkó orí igi. Wáyà tó ti dógùn-ún já. Àtẹ́lẹ̀ bàtà bọ́ sílẹ̀ nínú eruku.

Apá òsì ni.

Ó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mi ò gbọ́. Ó wá gbé e lé itan rẹ̀. “Ó ti parí,” ló wí. “Ẹ máa wọlé.”

Kí ó tó pa ẹnu dé, Ọ̀gá ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Nọ́ńbà tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá ń jáde lábẹ́ ibẹ̀ bí omi: tiwájú tó báyìí, tẹ̀yìn tó báyìí, ẹ kọ ọ́, Màdáámù, ẹ kọ ọ́! Mo ń kọ. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó hàn gbangba. Ẹ́ńjìnnì tí ikùn rẹ̀ wà lẹ́yìn nìkan ló lè wọ ibẹ̀.

Ọ̀gá yọ orí jáde. Eruku bò ó lójú. Ó wò mí.

“Ti ilé ìlagi yẹn,” mo bi í, “níbo ni ikùn rẹ̀ wà?”

“Ẹ̀yìn.”

“Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní.”

“Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, Màdáámù. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì tó ń la igi.”

Òótọ́ ni. Mo wá a nínú ìwé mi bóyá mo lè rí ibi tí ó ti ṣìnà lórí ìyẹn. N kò rí i. Ojú ìwé tí mo pín sí ọ̀nà mẹ́fà wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo kọ “ikùn” sí.

Alhájì kò bá mi jiyàn. Ó ní òun rí ààlè, òun ò sọ̀rọ̀, kí a gbé ẹ́ńjìnnì òun padà wá, Ọlọ́run á fún òun ní ẹlòmíràn tó máa rà á. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Òun ni ẹni kẹrin nínú ìwé mi, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo sì kọ síwájú rẹ̀ gùn jù lọ. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí n rí ibi tí mo máa gbé ìbínú mi sí.

Ẹ́ńjìnnì ìlagi wọ inú ihò náà bí ìgbín ṣe ń wọ ìkaraun. Ìyẹ̀fun igi ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá wá rádíétọ̀ àti iná, jórinjórin lẹ àwọn irin tó yẹ kó lẹ̀. Ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ parí, ìlà-oòrùn ti ṣú dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn òjò bọ̀. A gbé Bàbá sókè, a gbé e jókòó síwájú, èmi sì há láàrin òun àti Ọ̀gá. Ọ̀gá tẹ sítátà. Ó kọ́kọ́ húkọ́, ó tú èéfín dúdú, ọkọ̀ náà gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: gbì-gbì-gbì-gbì.

Bàbá dẹ etí. “Ohùn ẹ̀ kọ́ nìyí.”

“Dísẹ́ẹ̀lì ni, Bàbá.”

“Ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ó dáa náà. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

A lọ. A lọ́ra débi pé ọ̀kadà tó gbé obìnrin méjì àti agbọ̀n tòmátì kọjá wa, obìnrin tó kẹ́yìn sì juwọ́ sí wa. Òjò bá wa lójú ọ̀nà oko, ilẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tiwájú ń wọ́, tẹ̀yìn ń tì. Bàbá na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé sínú òjò. Kò sí ọkọ̀ kankan tó rì tó lè kí, ṣùgbọ́n ó kí wọn.

Nígbà tí a ti fẹ́ wọ Oǹdó, ẹ̀gbọ́n mi pè.

“Àbúrò, wọ́n ní òjò ti ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Ariwo kí nìyẹn?”

Kí n tó dáhùn, Bàbá ti fa ojú fóònù mọ́ ẹnu ara rẹ̀. “Sọ fún àwọn onírin kí wọ́n máa lọ. Bátìrì tuntun wà nínú ẹ̀ báyìí o, ọmọ mi. O gbọ́? Tuntun ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mo gbọ́, sà.” Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ilé ìwé.

A páàkì sí iwájú ọgbà Ọ̀gá ní Oǹdó. Òjò ti dá. Àwọn èèyàn ń jáde láti wo ọkọ̀ náà, àwọn àgbà kan ń fọwọ́ lù ú lára, wọ́n ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ní kí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun di ọ̀la, pé bóòtù kan ti tú díẹ̀, ó ń mì lábẹ́, òun máa dè é mọ́ ọn dáadáa. Mo ti mú bírò láti kọ ìyẹn sílẹ̀: ó gbé wa rin gbogbo ọ̀nà yẹn pẹ̀lú bóòtù tí kò le!

Bàbá ṣì jókòó sókè níwájú. Ó fọwọ́ wá itan rẹ̀, ó mú àtẹ́lẹ̀ bàtà náà, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó pè é. “Ẹ bá mi wá wáyà kékeré kan.”

Ọ̀gá sáré wá tipátipá, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ de bóòtù yẹn tán lábẹ́ ná!”